Ibi tí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ mi já sí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi tí mo bi yín lọ́jọ́sí pé báwo lèèyàn ṣe ń jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ orí fóònù, tí mo ní bí mo bá ṣe ń pàdánù ni mo tún ń fi ìlọ́po méjì lé owó tó ti lọ, mo ní kí n wá ròyìn kí n tó pa ọ̀rọ̀ yìí dé.

Ẹni tó ní kí n lọ ka 20 ìbéèrè àwọn Gamblers Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń pàdé láti ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, ẹ ṣé jàre. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹni tí tẹ́tẹ́ ti mú lẹ́rú máa ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí 7 ó kéré tán, tèmi jẹ́ 14 (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ìyẹn ló là mí lójú. Mo ní kí sáìtì tí mo ti ń ta tẹ́tẹ́ ti àkáǹtì mi pa, kì í ṣe ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ o, èyí tí mi ò lè ṣí padà bí ọwọ́ bá ń yún mi lóru ni. Àmọ́ sáìtì kan péré nìyẹn ń tì, àwọn yòókù pọ̀ bí eèrà, ni mo bá gbé Gamban, áàpù tó ń dí àwọn sáìtì tẹ́tẹ́, sórí fóònù, mo tún ní kí báǹkì dí káàdì mi fún tẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú owó oṣù mi báyìí, ìyẹn ló nira jù, àgbàlagbà bíi tèmi.

Mo ṣubú lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹta, mo sọ ọ́ nípàdé ẹgbẹ́ náà, kò sẹ́ni tó bú mi. Gbèsè ṣì wà, mò ń san án díẹ̀díẹ̀. Ó tán, ẹ ṣé gan-an.