Thermocouple K, J tàbí T: èwo ló yẹ ààrò búrẹ́dì àti alumíníọ̀mù yíyọ́?

Alààrò Àjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ààrò búrẹ́dì la fẹ́ máa wọn ooru rẹ̀ níbí ní Àjàṣẹ́, láàárín 200 sí 260°C. Àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà fẹ́ wọn tiwọn, ní nǹkan bí 720°C. Thermocouple, ìyẹn wáyà irin méjì tí wọ́n so lẹ́nu láti fi wọn ooru, la ó lò; MAX6675, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ohun tó gbé jáde di iye ooru, la ó fi kà á. Irú K, J àti T ló wà lórí àtẹ, owó J ló sì kéré jù. Láti ẹnu ààrò dé ibi tí a ó gbé ẹ̀rọ kọ́ tó mítà 8: ṣé a lè fi wáyà iná lásán fà á débẹ̀?

Ọmọ Kétu
Ẹ kú ìbéèrè. K ni kẹ́ ẹ rà fún méjèèjì. MAX6675 yín ti dá ẹjọ́ náà: K nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, láti 0 dé 1024°C. Bí ẹ bá so J mọ́ ọn, kò ní kọ̀ ọ́, irọ́ ni yóò máa pa fún yín: ààrò tó wà ní 250 yóò máa kà bí ẹni pé ó ti lé ní 300, búrẹ́dì yóò sì wà níbẹ̀ láìjiná.

Ká tiẹ̀ ní ẹ̀rọ yín lè ka J, irin gidi ni apá kan rẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í sì í fi irin sílẹ̀. T ní tirẹ̀, bàbà wà nínú rẹ̀, nǹkan bí 350°C sì ni òpin rẹ̀. Firísà ẹja àti wàrà ló dára fún, ibẹ̀ ló ti péye ju K lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí jù ni ọ̀pá tó bo wáyà. Fún búrẹ́dì, ọ̀pá inox (irin tí kì í tètè dípẹtà) 3 mm tó. Kí wáyà tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi òwú gíláàsì wé, torí ike lásán á yọ́ lára ààrò. Alumíníọ̀mù yíyọ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ó ń jẹ inox. Ọ̀pá á máa fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu, alumíníọ̀mù á sì wọlé bá wáyà. Ẹ fi boron nitride (ohun funfun bí ẹfun tí alumíníọ̀mù yíyọ́ kì í lẹ̀ mọ́) kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún un kùn nígbàkigbà tó bá ti bó. Bí ọ̀pá bá jẹ́ 6 mm, kó wọlé tó 60 mm ó kéré tán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ iye tí yóò kà á lọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yá a lórí iná kẹ́ ẹ tó tì í bọ̀ ọ́. Ẹ̀kán omi kan lára rẹ̀ tó láti mú kí alumíníọ̀mù gbígbóná ta sí ènìyàn lójú.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Òótọ́ lẹ sọ, Ọmọ Kétu. Ti wáyà iná lásán: rárá o. Ìyàtọ̀ ooru tó wà láàárín ẹnu thermocouple àti ibi tó parí sí ló ń gbé jáde. Bí K bá parí sí ara ààrò tó wà ní 60°C, tí ẹ wá fi bàbà lásán gbà á dé ẹ̀rọ tó wà ní 30°C, ìwọ̀n 30 ti sọnù lójú ọ̀nà nìyẹn. Wáyà ìfàgùn K ni kẹ́ ẹ rà fún gbogbo mítà 8 náà, kó má bá wáyà mọ̀nàmọ́ná rìn pọ̀. Ẹ tún béèrè thermocouple tí ẹnu wáyà rẹ̀ kò kan ara ọ̀pá, torí MAX6675 kì í fẹ́ èyí tó kàn án.

Ẹ ṣọ́ àwọ̀ o. Ti Yúróòpù, àwọ̀ ewé ni +, funfun ni −. Ti Amẹ́ríkà, ìyeyè ni +, pupa ni −.

Alààrò Àjàṣẹ́
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí tí a yẹ̀ wò, ìyeyè àti pupa ni, a sì so pupa mọ́ T+, ìyẹn ojú + lára MAX6675. Bí a bá fi iná sí i, 30 tó wà níbẹ̀ á máa rọ̀ sílẹ̀ títí dé 0. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ará Ṣábẹ̀ẹ́
Kò bàjẹ́, ẹ̀yìn lẹ fi so ó. Ìyeyè ni kó lọ sí T+. Bí àwọ̀ bá ti jóná, ẹ mú òòfà: apá tó bá fà mọ́ ọn ni −.

Lẹ́yìn náà, ẹ tì í sínú omi tó ń hó yaya, kí ẹnu rẹ̀ má kan ìdí ìkòkò. Ẹ má fi omi yìnyín dán an wò, torí MAX6675 kì í ka ohun tó bá wà lábẹ́ 0. Bí ó bá yẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. K tó wọ́pọ̀ lè fi 2.5°C yẹ̀, ẹ̀rọ náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ó bá kà láàárín 95 sí 105, ẹ gbé e sínú ààrò.