Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: irinṣẹ́ eré ìdárayá wo ni kí n rà sílé?

Aláṣọ Òkè-Ajé:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé, aṣọ ni mo ń tà. Ọmọ ọdún 51 ni mí. Láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́, orí ìjókòó ni mo máa ń wà. Bí oníbàárà bá na ọwọ́ sí aṣọ tó wà lókè, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló ń gun àga lọ mú un. Lóṣù tó kọjá mo lọ yẹ ara mi wò, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ó kọ oògùn fún mi, ó sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá, pé oògùn nìkan kò ní tó. Orúnkún mi òsì náà máa ń dùn mí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn.

Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní òun fẹ́ ra tírẹ́dímìlì, ẹ̀rọ tí a ń rìn tàbí tí a ń sáré lórí rẹ̀ lójú kan, fún mi, ₦350,000 ló sì fẹ́ fi ránṣẹ́. Yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn tẹ́lẹ̀ ti ṣófo, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ló wà, kò sì fẹ̀ púpọ̀. Ojú ń tì mí láti máa sáré lójú títì. Ẹ̀yin tó ti ra irú nǹkan báyìí rí, kí ni kí n rà? Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé tó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, kí n lè bá rẹ́gbẹ́-rẹ́gbẹ́ mi, ìyẹn àwa tí ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, jó wọ Ojúde Ọba láìjẹ́ pé wọ́n ń wá àga fún mi láàárín ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó dé ibẹ̀.

Oníná Ṣágámù:
Ẹ kú ọjà, mọ̀mí. Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, mo sì ti tú ìdí tírẹ́dímìlì tó pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ iná kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ọmọ yín. HP ni wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò rẹ̀; 1 HP jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ 2 HP sí lè fa tó wáàtì 1,500 tí ènìyàn bá wà lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń lo fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kò lè gbé e. Ínfátà kékeré náà kò lè gbé e.

Iná tó ń lọ sókè-sódò ló sì ń pa wọ́n jù. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn mo tú ọ̀kan ní Mákùn: pátákó iná inú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, kápásítọ̀ kan wú bí àkàrà. Obìnrin tó ni ín kò tíì gorí rẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ ra sítébiláísà tó lágbára mọ́ ọn, kí ẹ sì máa fi òróró sílíkónì sábẹ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ́ìlì mọ́tò sí i, á bà á jẹ́.

Ọmọ Ìlísàn:
Mi ò bá yín jiyàn lórí iná o, ṣùgbọ́n tírẹ́dímìlì ràn mí lọ́wọ́ gan-an. Lásìkò òjò tí ojú ọ̀nà wa kún fún ẹrẹ̀, orí rẹ̀ ni mo ti ń rìn. Rírìn ni mo ní, n kì í sáré. Iná tiwa sì máa ń dúró. Ẹ wo ti àdúgbò yín.

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru:
Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ̀kẹ́ ìdárayá ni kí ẹ rà, èyí tó dúró sójú kan. Èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì láti mú kí ẹsẹ̀ wúwo kò nílò iná kankan, bátìrì kékeré ojú rẹ̀ kàn ń ka ìṣẹ́jú ni. Orúnkún tèmi náà ń dùn mí tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n yàn án, torí pé ìjókòó ló ń gbé ìwọ̀n ara.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, kílò 100 ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé ó lè gbé. Kílò 104 ni mí nígbà náà. Ẹni tó tà á kò bi mí, èmi náà kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò pé oṣù méjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀, tí mo sì ṣubú lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ sì ra èyí tó lè gbé kílò 20 sí i, ó kéré tán. Ẹ má rà á láìjókòó lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:
Màmá, ṣé dókítà ti wo orúnkún yẹn? Kí ni ó sọ?

Aláṣọ Òkè-Ajé:
Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní oríkèé ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, pé kí n má máa fò, kí n má máa sáré. Rírìn àti kẹ̀kẹ́ kò léwu.

Nọ́ọ̀sì Rẹ́mọ:
Ẹ ṣeun. A jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ bá yín mu. Ẹ yọ nínú owó náà, kí ẹ fi ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí wọ́n ń so mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́. Ẹ máa jókòó fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Tí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì bá kọ́ yín nígbà tí ẹ ń wa kẹ̀kẹ́, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá ilé ìwòsàn lọ.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ìkẹ́nnẹ́:
Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ìyẹn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ márùn-ún, kí ó sì máa fi ọjọ́ méjì ṣe èyí tó ń mú iṣan le. Kẹ̀kẹ́ á bá yín ṣe ti àkọ́kọ́. Ti iṣan yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, iṣan itan ló sì ń gbé orúnkún dúró.

Ẹ má ra irin gbígbé kankan ní báyìí. Ẹ gbé àga tí kò ní táyà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kí ẹ máa dìde, kí ẹ máa jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, láìfọwọ́ ti nǹkan. Ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ike omi 75cl tí ẹ bá rọ yanrìn gbígbẹ kún ju kílò kan lọ, ẹ lè fi méjì bẹ̀rẹ̀ ti apá. Báàgì omi ọ̀rá kan, ogún ọ̀rá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50cl, kílò 10 ni. Ìyẹn di ìgbà tí ara bá ti le. Rọ́bà fífà náà dára, kò wọ́n, àmọ́ ẹ má sá a sí oòrùn, á gbó, á já mọ́ yín lójú.

Ẹ má séèémí tí ẹ bá ń gbé nǹkan. Sísé èémí yẹn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹ mí jáde nígbà tí ẹ bá ń gbé e, ẹ mí wọlé nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Aláṣọ Òkè-Ajé:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọlọ́run á máa bá yín gbé e. Mo ti rà á o. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gun òṣùwọ̀n: kílò 92. Wọ́n kọ 130 sí abẹ́ rẹ̀, mo ní kí wọ́n dojú rẹ̀ dé kí n fi ojú ara mi kà á. Mo jókòó lórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo wà á fún ìṣẹ́jú 10, ọkùnrin náà sì ní sùúrù fún mi. Owó tó ṣẹ́kù ti ra ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọ́bà méjì. Mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà kí ó má máa yọ̀ lórí táìlì.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ìṣẹ́jú 15 ni agbára mi ń gbé báyìí, láàárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà. Lánàá, èmi fúnra mi ni mo gun àga lọ mú àńkárá sọ̀kalẹ̀ fún oníbàárà.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ihò kẹta ni mo gbé ìjókòó rẹ̀ sí. Tí ẹsẹ̀ mi bá dé ìsàlẹ̀, orúnkún ṣì ká púpọ̀, ó sì ń fún mi níwájú. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Ìpẹru:
Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ gbé e sí ihò kẹrin, kí ẹ wà á, kí ẹ sì wò ó. Tí ẹsẹ̀ bá dé ìsàlẹ̀, kí orúnkún kàn ká díẹ̀ ni, kó má nà gbọnrangandan. Tó bá ṣì ń fún yín, ẹ lọ sí ìkarùn-ún. Ẹ fún ìdè rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gùn ún.