Irin ìsokọ́ àfàlẹ́yìn kò wọ ọ̀pá táyà oní-12 mm: ṣé kí n fẹ ihò rẹ̀ ni?

Baba Ìbejì (Leeds)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní àfàlẹ́yìn kan, ọkọ̀ kékeré tí kẹ̀kẹ́ ń fà lẹ́yìn, tí mo fi ń gbé àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi. Ọ̀pá táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí mo ń gùn tẹ́lẹ̀ jẹ́ 10 mm, irin ìsokọ́ tó so àfàlẹ́yìn náà mọ́ kẹ̀kẹ́ sì wọ̀ ọ́ láìsí wàhálà. Nítorí àwọn òkè tó pọ̀ ní àdúgbò wa, mo ra kẹ̀kẹ́ oníná tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú táyà ẹ̀yìn. Ọ̀pá táyà ti èyí jẹ́ 12 mm, wọ́n sì fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹrẹsẹ títí ìbú ibẹ̀ fi ku 10 mm, kí ó lè wọ àlàfo férémù láìyí. Ihò irin ìsokọ́ kò gbà á mọ́.

Mo fi kálípà, irin ìwọ̀n, wọn ọ̀pá náà dáadáa. Ní apá òsì, ọ̀pá yọ sí ìta férémù ní 17 mm. Wáṣà eléyín tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá yí gba 3 mm níbẹ̀, wáṣà pẹrẹsẹ gba 2 mm, nọ́ọ̀tì sì ga ní 10 mm, tó fi jẹ́ pé 2 mm péré ló yọ kọjá nọ́ọ̀tì. Irin ìsokọ́ nípọn ní 4 mm. Wáyà ẹ́ńjìnnì gba apá ọ̀tún jáde. Ṣé mo lè fi dírìlì fẹ ihò náà, ṣé tẹ́rẹ́ẹ̀dì (ìlà wíwọ́ tó yí ọ̀pá ká) tó máa kù yóò sì tó fún nọ́ọ̀tì láti di nǹkan mú?

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe (Manchester)

Baba Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Inú mi dùn pé ẹ ti wọn nǹkan kí ẹ tó gbé dírìlì, nítorí iye tẹ́rẹ́ẹ̀dì tó kù ló ṣe pàtàkì jù níbí, kì í ṣe ihò nìkan.

Ẹ kọ́kọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì kan irin ìsokọ́ yẹn. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má fọwọ́ kan ihò rẹ̀ rárá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n yọ́ dà sínú àwòṣe, irú rẹ̀ a sì máa sán láìṣe àmì kankan tẹ́lẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, tó sì jẹ́ irin gidi tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ wo iye irin tí yóò kù láàárín ihò tuntun àti etí rẹ̀. Èmi kì í gbà kí ó dín ní 8 mm ní ẹ̀gbẹ́ kankan, pàápàá nígbà tí ọmọ ènìyàn ni ẹrù. Ẹ dì í mọ́lẹ̀ gírígírí lórí tábìlì iṣẹ́, ẹ fi dírìlì fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì fi fáìlì yún etí rẹ̀ tó mú.

Lórí tẹ́rẹ́ẹ̀dì, bí ẹ bá kàn fi irin ìsokọ́ kún ohun tó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò di 19 mm lórí ọ̀pá oní-17 mm, èyí tó túmọ̀ sí pé 8 mm péré ni nọ́ọ̀tì máa jẹ nínú 10 mm rẹ̀. Èmi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n wáṣà pẹrẹsẹ kò ṣe ju pé ó ń fún nọ́ọ̀tì ní ojú tó dán láti jókòó lé. Irin ìsokọ́ yín lè ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ yọ wáṣà náà: 3 àti 4 àti 10 jẹ́ 17, ẹnu ọ̀pá àti ojú nọ́ọ̀tì yóò sì bá ara wọn dọ́gba.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ (London)

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, wáṣà pẹrẹsẹ ni kí ẹ yọ, kì í ṣe wáṣà eléyín. Èyí tó ní eyín ni mo yọ ní tèmi ní ọdún méjì sẹ́yìn kí àyè lè gba irin ìsokọ́. Ní òkè kan, bí mo ṣe tẹ ẹ́ńjìnnì ní agbára, ọ̀pá yí nínú àlàfo férémù, ó sì fa wáyà rẹ̀ já. Ọlọ́run ló yọ mí pé ẹrù ọjà ni mo fà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti fi apá irin ìdíwọ́ kan kún un, tí orí rẹ̀ kan di ọ̀pá mú kí ó má baà yí, tí orí rẹ̀ kejì sì so mọ́ férémù.

Ìyá Àkànbí (Houston)

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọ̀la. Kì í ṣe gbogbo 12 mm ni ó jọra. Kẹ̀kẹ́ mi kò ní ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá táyà rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó gún ara táyà já tó sì wọ tẹ́rẹ́ẹ̀dì inú férémù ní òdìkejì, tí kò yọ síta rárá. Kò sí ihò tí ẹ lè fẹ̀ tó máa yanjú ìyẹn. Ọ̀pá tó gùn jù ú lọ ni ẹ máa ra, kí ẹ sì rí i dájú pé tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ bá ti férémù mu, nítorí àlàfo láàárín ìlà tẹ́rẹ́ẹ̀dì kan sí èkejì lè jẹ́ 1.0, 1.5 tàbí 1.75 mm. Èyí tí kò bá mu a máa wọlé díẹ̀, lẹ́yìn náà a ba férémù jẹ́. Ilé iṣẹ́ Robert Axle Project ní ìlú Bend, ní Oregon, ń ṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún àfàlẹ́yìn.

Baba Ìbejì (Leeds)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn, 10 mm irin ló sì kù ní ẹ̀gbẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lẹ́yìn tí mo fẹ ihò. Wáṣà eléyín wà ní ipò rẹ̀, irin ìsokọ́ tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì sì jẹ gbogbo tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo di nọ́ọ̀tì dé 40 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí i) gẹ́gẹ́ bí ìwé kẹ̀kẹ́ náà ti sọ, mo sì fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin ìsokọ́ kí n lè tètè mọ̀ bí ó bá yí. Mo kó àpò ìrẹsì 30 kg sínú àfàlẹ́yìn, mo so okùn ààbò rẹ̀ mọ́ férémù, mo sì gùn ún fún nǹkan bí 10 km lórí àwọn òkè wa. Ìlà náà kò kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ìbejì á wọ̀ ọ́.