Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí kì í sùn àfi lórí àyà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àìsùn ti fẹ́ dá mi dùbúlẹ̀.

Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sì sí ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án. Tí mo bá gbé e mọ́ àyà, á sùn fọnfọn, ariwo kankan ò lè jí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣáà ti kan bẹ́ẹ̀dì báyìí, á ta gìrì, á ju ọwọ́ méjèèjì síta, ó di igbe. Kí n tún gbé e, ó dákẹ́. Bí a ṣe ń bá a yí nìyẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sí ohun tó ń ṣe é: ó ń mu ọmú dáadáa, ó ń tọ̀, wọ́n sì ní ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè bó ṣe yẹ.

Ìyá ọkọ mi ní gbígbé ti mọ́ ọn lára jù, pé kí n jẹ́ kó ké títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa dá a dojú bolẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni tòun ṣe ń sùn. Ẹlòmíràn ní kí n fi ìrọ̀rí gbé orí rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù létí mi. Òru ló ń dẹ́rù bà mí jù: tí mo bá jókòó láti fún un lọ́mú, ṣe ni ojú mi máa ń pa dé fúnra rẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni mo ń bà á jẹ́? Ìgbà wo ló máa lè dá sùn? Báwo ni èmi náà ṣe máa rí oorun wákàtí díẹ̀ sùn láìjí?

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ ò bà á jẹ́ rárá. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ò tíì ní ọgbọ́n tó máa fi rẹ́ yín jẹ. Inú yín tó ti wá, ó móoru, ó há, ó ń mì jẹ́jẹ́, ó sì ń gbọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù tọ̀sán tòru. Bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ lọ, tó sì dákẹ́ rọ́rọ́, ló ṣàjèjì sí i.

Ọ̀kan nínú àwọn tèmi máa ń sùn níbikíbi tí a bá tẹ́ ẹ sí. Èkejì rẹ̀, inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ọmú kan náà ni wọ́n ń mu, kò gbà kí ara òun kan bẹ́ẹ̀dì. Èwo ni mo wá bà jẹ́ nínú wọn?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá kúrò nílẹ̀. Ẹ má dá a dojú bolẹ̀ sùn o. Ẹ̀yìn ni kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan fi lélẹ̀ sùn, lọ́sàn-án àti lóru, lórí fóòmù tó le, tó sì tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ ìbora, láìsí ohun ìṣeré kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í polongo èyí fún àwọn òbí ní 1994, kí ọdún mẹ́wàá tó pé, iye ọmọ tó ń kú lójijì lójú oorun ti dín kù tó ìdajì. Àárín oṣù kìíní sí ìkẹrin ni ewu náà pọ̀ jù, àsìkò tí ọmọ yín wà gan-an nìyẹn. Ti ìrọ̀rí àti bẹ́ẹ̀dì tó dagẹ̀rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ò tíì lágbára: orí lè tẹ̀ síwájú, àgbọ̀n á kan àyà, ọ̀nà èémí á dí láìsí ariwo.

Ó yá, ìdí tó fi ń jí. Nǹkan bí ìdajì oorun ọmọ tuntun ni kì í ṣe àsùnwọra. Ẹ máa rí i tí ojú ń yí lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí ẹnu ń rẹ́rìn-ín, tó ń kùn, tí èémí ń yára tó tún ń falẹ̀. Inú oorun fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ yẹn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ nígbà náà, á jí. Ẹ ní sùúrù bíi 20 ìṣẹ́jú. Ẹ gbé apá rẹ̀ kan sókè díẹ̀ kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí apá bá rọ̀, tí kò fi agbára kankan mú un, oorun ti wọra.

Títa gìrì yẹn náà, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn ni: ó ń rò pé òun ń ṣubú ni. Láàárín oṣù 3 sí 6 ló máa ń kúrò. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ ẹ, ẹ tẹ̀ ba pẹ̀lú rẹ̀ kó má kúrò lára yín títí á fi dé ibùsùn. Ẹsẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ìdí, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, orí ni kó kẹ́yìn. Ẹ má yára yọ ọwọ́. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé e láyà fún ìgbà díẹ̀. Tó bá kùn, ẹ má tíì gbé e, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń kùn tí wọn ò jí.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ gbàgbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ ná, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oorun òbí. Òru la pín sí méjì nílé wa. Ìyàwó mi á wọlé lọ sùn ní aago mẹ́jọ alẹ́, á ti ilẹ̀kùn, èmi ni mo ni ọmọ títí di aago kan òru. Láti aago kan, èmi náà á lọ sùn di aago mẹ́fà. Wàrà tó bá ti fún sínú ìgò ni mo fi ń dá ọmọ lóhùn. Kí wàrà tó máa jáde dáadáa, ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló máa ń jí lẹ́ẹ̀kan wá fún un lọ́mú, tó bá sì ti mu tán, á gbé e fún mi, á padà sùn. Èmi ni mo ń jẹ́ kó gùfẹ̀, èmi ni mo ń pààrọ̀ ìlédìí.

Ohun kan tí a kì í fi ṣeré: ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ sùn. Tó bá ti ń tòògbé, ọmọ di bẹ́ẹ̀dì, bó ń ké bí kò ké, tàbí kó jí ẹnì kejì. Ẹ̀yin ọkùnrin tó ń ka èyí, ẹ má dúró kí wọ́n tó bẹ̀ yín.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà:

Ẹ máa bínú sí mi o, èmi ò fara mọ́ gbogbo èyí. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n ké. Gbogbo wọn ti dàgbà, ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Ẹ̀yin ìyá ìsinsìnyí ti ń sáré tẹ̀lé ẹkún jù.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ṣe é ṣáájú wa, a ò lè bá yín jiyàn ọmọ títọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó ni wọ́n wà nígbà tí ẹ ń jẹ́ kí wọ́n ké?

Ẹ̀gbọ́n Àgbà:

Wọ́n á ti tó oṣù mẹ́fà, méje. Ìgbà tí wọ́n wà ní jòjòló, ìyá mi ló máa ń gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ ṣé ma. Ìyá Àkọ́bí ò ní ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ oṣù mẹ́fà ti lè kọ́ bí a ṣe ń dá sùn. Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ò tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Nǹkan bí oṣù 2 sí 4 ni ara wọn ń mọ̀ ọ́n. Àwọn òbí lè ràn án lọ́wọ́: kí wọ́n jẹ́ kó rí ìmọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n má pa ariwo ilé mọ́ nítorí rẹ̀, lóru, kí iná ṣókùnkùn, kí wọ́n má bá a ṣeré.

Ìyá Àkọ́bí, mi ò ní tàn yín, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 ni ẹkún máa ń dé góńgó, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ débẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù 3 tàbí 4, á ti rọlẹ̀ gan-an. Tí ẹkún bá ti fẹ́ sọ yín di ẹlòmíràn, ẹ tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì, kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sóhun tó máa ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìbínú mì ín jìgìjìgì láé, ọpọlọ rẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀.

Ìyá Olùkọ́:

Ní 2022, àwọn olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ RIKEN ní Japan tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní tí ọmọ bá ń ké, kí òbí gbé e rìn fún ìṣẹ́jú 5 láìdúró, láìyà síbì kan. Tó bá ti sùn, kó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 8 sí i kó tó tẹ́ ẹ. Wọ́n rí i pé ìgbà tí ara ọmọ bá ń kúrò lára òbí gan-an ni ọkàn rẹ̀ máa ń yára lù. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà ò pọ̀ o, 21 péré. Tèmi gbà á lálẹ́, lọ́sàn-án ó kọ̀ jálẹ̀. Kò sówó níbẹ̀, ẹ dán an wò.

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Ìbéèrè méjì: ṣé kí n kúkú gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì àgbà? Ṣé mo lè fi aṣọ so ó mọ́ àyà lọ́sàn-án kí ọwọ́ mi lè tú?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:

Yàrá kan náà, bẹ́ẹ̀dì ọ̀tọ̀, ó kéré tán fún oṣù 6, òun ni ìmọ̀ràn àwọn dókítà ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo mọ bí òru ṣe ń rí. Tí ẹ bá rí i pé oorun lè gbé yín lọ níbi tí ẹ ti ń fún un lọ́mú, ó sàn kó bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì tó le, tí ẹ ti kó ìrọ̀rí àti ìbora kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ju kó bá yín lórí àga onítìmùtìmù lọ. Orí àga yẹn ló burú jù, torí ọmọ lè há sáàárín yín àti tìmùtìmù. Gbàrà tí ẹ bá jí, ẹ gbé e padà sí tirẹ̀. Tí ẹnì kan nínú yín bá ń mu sìgá, tó mu ọtí, tó lo oògùn tó ń kun oorun, tàbí tí oṣù ọmọ kò pé kí ẹ tó bí i, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kílò 2.5 nígbà tí ẹ bí i, kò gbọdọ̀ bá yín sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rárá.

Síso ó mọ́ àyà dáa. Kí ẹ máa rí ojú rẹ̀ nígbà gbogbo, kó sún mọ́ ẹnu yín tó fi jẹ́ pé ẹ lè fẹnu kò ó lórí, kí àgbọ̀n má kan àyà, kí aṣọ má bo imú. Ẹ má dáná pẹ̀lú rẹ̀ láyà.

Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C, tó kọ ọmú, tí èémí rẹ̀ ń le, tí ìlédìí tó tutù kò tó mẹ́fà lójúmọ́, tàbí tí ẹkún rẹ̀ yí padà sí irú èyí tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ má wá béèrè níbí. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ọmọ Kan:

Gbogbo wa ń béèrè ọmọ. Ìyá ńkọ́? Àbúrò mi, báwo ni ọkàn rẹ?

Ìyá Àkọ́bí:

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè, mà. Mo máa ń sunkún láìnídìí, pàápàá tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Nígbà tí ọmọ bá tilẹ̀ sùn lọ́wọ́ ọkọ mi, èmi ò lè sùn.

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, irú ẹkún bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ ti kọjá ìyẹn. Kí ọmọ sùn kí ìyá má rí oorun sùn jẹ́ ohun tó yẹ kí dókítà gbọ́. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa yìí. Ó ní ìtọ́jú, ìtọ́jú náà kò sì ní kí ẹ má fún ọmọ lọ́mú.

Ìyá Àkọ́bí:

Màá lọ. Ọkọ mi ní òun máa bá mi lọ, òun náà ló sì máa gba apá àkọ́kọ́ lálẹ́ òní, aago mẹ́jọ sí aago kan. A ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé ọwọ́ ọmọ mọ́ ọn lára nítorí títa gìrì yẹn. Ìgbà wo ló yẹ ká dá a dúró?

Nọ́ọ̀sì Agbẹ̀bí:

Ọjọ́ tí ẹ bá ti rí i pé ó ń gbìyànjú láti yí ara padà. Ẹ má dúró kó yí tán. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù 3. Kí aṣọ náà má fún un láyà, kí ó sì dẹ̀ níbi ìbàdí kí ẹsẹ̀ lè tẹ̀.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta:

Ẹ sọ fún ọ̀gá wa kó tọ̀, kó gbé omi àti fóònù sí ìtòsí kó tó gba ọmọ o. Tí ọmọ bá ti sùn lé e láyà tán, kò ní láyà láti dìde mọ́.