Báwo lẹ ṣe ń to ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ nílé sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà?

Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Àwọn ìbejì mi ti wọ Pírámárì 4, àbúrò wọn wà ní Pírámárì 1, ilé sì ni mo ti ń kọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kíkọ́ wọn kò ni mí lára, ètò rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Kòríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí ilé ìwé ń kọ́, ni mo ń tẹ̀ lé, PDF lórí fóònù sì ni. Scheme of work táàmù yìí wà lórí WhatsApp, níbi tí ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà fi í sí. Lesson note mi wà nínú ìwé, fídíò ìṣirò sì wà káàkiri. Mo ti lo Trello, mo sì ti lo Notion, àwọn áàpù tí wọ́n fi ń to iṣẹ́. Wọ́n dùn ún wò, àmọ́ ní àdúgbò wa níbí, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, iṣẹ́ mi dúró nìyẹn.

Èyí tó ń tán mi lókun jù ni déètì. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tàbí tí ara ọmọ kan ò bá yá, gbogbo déètì tí mo ti kọ sílẹ̀ á yẹ̀ kúrò nípò, màá sì tún jókòó tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí lẹ̀yin ń lò? Laptop kan la ní, tablet Android kan, àti fóònù tèmi.

Adé, Ògbómọ̀ṣọ́

Google Classroom ni mo ń lò fún ọmọ mi tó wà ní JSS 2. Ó ń rí iṣẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, á ṣe é, á sì fi ránṣẹ́ padà. Ó wúlò fún ọmọ tó ti lè dá ṣiṣẹ́. Fún ọmọ Pírámárì 1, mi ò ní í dábàá rẹ̀ fún yín rárá.

Bàbá Tíṣà, Òṣogbo

Ẹ kú làálàá, Ìyá Ìbejì. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ́ni títí mo fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo ń kọ́ báyìí. Ohun mẹ́ta ló máa ń wà lórí tábìlì tíṣà, a kì í sì í da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì: scheme tó sọ ohun tí a fẹ́ kọ́, lesson note tó sọ bí a ó ṣe kọ́ ọ, àti diary tó sọ ohun tí a ti kọ́. Ilé ìwé máa ń pín scheme sí ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, torí gbogbo kíláàsì ní láti dé ibi ìdánwò pa pọ̀. Kò sí ohun tó fi dandan lé ìyẹn fún yín nílé. Ẹ yọ déètì kúrò nínú scheme pátápátá, kí ẹ fi nọ́ńbà sí i. Inú diary nìkan ni déètì ń gbé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Fáìlì Google Sheets kan (áàpù Google tó ní òpó àti ìlà bíi tábìlì) fún kíláàsì kan, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú-ewé tirẹ̀ nínú fáìlì náà. Òpó A ni nọ́ńbà, B ni àkòrí bó ṣe wà nínú kòríkúlọ́ọ̀mù, C ni ojú ìwé nínú ìwé ìṣirò wa, D ni fídíò tàbí ohun èlò, E ni déètì ọjọ́ tí a kọ́ ọ, F ni àpótí kékeré tí èèyàn ń fi àmì sí, èyí tó wà lábẹ́ Insert, Checkbox. Ká ní ẹ dé Ìṣirò 14, ríro ìdá pọ̀, tí iná wá lọ. Lọ́jọ́ tí iná bá dé, Ìṣirò 14 náà ló kàn. Kò sí ohun tí ẹ máa tún tò.

Táàmù kan sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 péré ni kí ẹ kọ sínú scheme. Tí ìṣirò bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ẹ̀kọ́ 40 nìyẹn. Ẹ kọ =COUNTIF(F2:F41,TRUE) sí ibì kan lókè, á máa sọ iye tí ẹ ti ṣe nínú 40 fún yín. Ọ̀sẹ̀ tó kù ni ti àìsàn, ti ọdún Iléyá, ti àlejò.

Òpó tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni G, níbi tí mo ń kọ ohun tí kò yé ọmọ sí. Mo máa ń kọ àṣìṣe náà gan-an bí ọmọ ṣe kọ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ mi ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/4, ó ní 2/6. Ká ní "kò gbà á" ni mo kọ, mi ò ní í rí nǹkan kan dì mú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ 2/6 yẹn sọ fún mi pé ṣe ló ń ro ti òkè mọ́ òkè, tó ń ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mo padà sídìí búrẹ́dì àti ọ̀bẹ: a gé e sí mẹ́rin, ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ìdajì jẹ́ méjì nínú mẹ́rin, ó sì dé 3/4 láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Nínú tiyín, G á jẹ́ ti Táíwò, H á jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Ẹ má fi òpó kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó yára máa ń bo èyí tí kò yára mọ́lẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá jọ dáhùn.

Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì: lórí fóònù, ẹ tẹ àmì ẹ̀kán mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà, kí ẹ yan "Make available offline". Ẹ máa lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ láìsí dátà, á sì bá ti orí laptop dọ́gba nígbà tí dátà bá dé.

Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, Bàbá. Èyí tí ẹ sọ nípa òpó G yẹn wọ̀ mí lára. Fídíò ńkọ́? YouTube ń jẹ dátà mi tán.

Ṣọlá, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ wo Kolibri, áàpù ẹ̀kọ́ ti àjọ Learning Equality. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì déédéé ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹ fi sórí laptop yín, kí ẹ wa (download) ẹ̀kọ́ Khan Academy, àwọn fídíò àti ìbéèrè ọ̀fẹ́, sínú rẹ̀ ní òru nígbà tí dátà bá dínwó. Ẹ má wa gbogbo rẹ̀ o, ó tóbi púpọ̀. Ẹ mú àkòrí táàmù yìí nìkan. Tó bá ti wọlé, ẹ tan hotspot fóònù, ẹ so laptop àti tablet mọ́ ọn, àwọn ọmọ á sì máa wo fídíò láti orí laptop láìlo dátà kankan. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Coach: ẹ lè to fídíò àti ìbéèrè sínú ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní Ìṣirò 14 kó bá ti Bàbá mu, á sì fi hàn yín ẹni tó ti ṣe é àti ìbéèrè tó ṣì.

Ìyá Àdùkẹ́, Houston

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Láti ọdún 1994 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Texas ti dá ẹjọ́ kan, ilé ìwé aládàáni ni wọ́n ka ilé tí òbí ti ń kọ́ ọmọ sí. A kì í forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n béèrè: ìwé kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò, àti ìwà ọmọ ìlú rere. Torí pé kò sẹ́ni tó ń bá mi tọ́jú àkọsílẹ̀, èmi ń tọ́jú rẹ̀ kíkankíkan, torí ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ padà sílé ìwé ìjọba, wọ́n lè ní kó ṣe ìdánwò kí wọ́n tó mọ kíláàsì tó yẹ ẹ́. Fọ́tò iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ ni mo ń kó sí Google Drive, mo sì ń sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà rẹ̀.

Èdè Yorùbá wà nínú ètò wa pẹ̀lú, mi ò fi í sí ìparí ọ̀sẹ̀. Ìkànnì African Storybook ní ìtàn ọ̀fẹ́ ní Yorùbá tí ẹ lè wà sórí tablet. Tí ẹ bá fẹ́ kọ àmì ohùn sínú Sheets, ẹ fi Yorùbá kún èdè inú Gboard, kíbọọ̀dù Google, lórí fóònù.

Ìyá Ìbejì, Akóbọ̀, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ń gbé ìṣirò àwọn ìbejì wọ Sheets. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé mo gbọ́dọ̀ ní fáìlì mìíràn fún ti Pírámárì 1 nínú gbogbo ẹ̀kọ́? Ìyẹn á pọ̀ jù fún mi.

Bàbá Tíṣà, Òṣogbo

Ìṣirò àti ìwé kíkà nìkan ni kó dá ní, torí ìpele wọn jìnnà síra. Sáyẹ́ǹsì, ẹ kó wọn pọ̀. Tí àkòrí bá jẹ́ ewéko, ẹ jọ lọ sẹ́yìnkùlé lọ fa gbòǹgbò ewédú kan tu. Kí ti Pírámárì 1 ya á, kó sì pe orúkọ gbòǹgbò, igi àti ewé. Kí àwọn ìbejì kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Nọ́ńbà kan náà ni nínú Sheets. Òpó I ni ẹ máa fi kún un fún àbúrò wọn.