Àwọn nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí lẹ ń bá ìjọba fà gan-an?

Ọmọ Ìyá Alágbo:

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀.

Ní ìparí oṣù Keje 2025, ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn ni wọ́n dá ìyá mi dúró sí. Ìtọ̀ ṣúgà ni, egbò wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ tí wọ́n ń fi báńdéèjì tuntun dì í. Ọjọ́rú tí ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, mo dé wọ́ọ̀dù, mi ò rí nọ́ọ̀sì kankan. Dókítà kan ló wá sọ fún wa pé ká máa gbé màmá lọ sílé, ká lọ wá ẹni tí yóò máa wá fọ egbò náà fún wa. Ẹni tí a rí ń gba 5,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Báńdéèjì àti ìbọ̀wọ́, àpò wa náà ni. Nígbà tí a fi máa gbé màmá padà, ẹsẹ̀ ti ń rùn. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, wọn ò gé e.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé owó nìkan ni àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀? Lónìí dókítà, lọ́la JOHESU (àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù), lọ́tunla nọ́ọ̀sì. Ẹ tún wá dá mi lóhùn èyí: tí wọ́n bá fún yín lówó tán, ṣé ẹ máa yé jágbe mọ́ àwọn ìyá wa bí ẹni pé wọ́n jẹ yín ní gbèsè?

Bàbá Pẹnṣọ̀n:

Ó ti mọ́ wọn lára. Nígbà tiwa, iṣẹ́ ìsìn ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe é títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ẹ ò lè gbọ́ pé wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀ lọ jókòó sílé. Tí owó bá wu èèyàn, kó lọ ta aṣọ ní Gbági.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ọmọ Ìyá Alágbo, ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ sì kú ewu. Egbò ìtọ̀ ṣúgà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà, mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n màá fèsì.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo tún gbẹ̀bí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́, ẹ má bèèrè ìpínlẹ̀ wo. Ìwé owó oṣù mi wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìlà kan wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ ṣíífù, ìyẹn alẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Tí mo bá pín in sí iye alẹ́ tí mò ń lò lóṣù, ohun tó kàn alẹ́ kan kò tó owó ọ̀kadà àti bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ tó ń gbé mi bọ̀. Owó yúnífọ́ọ̀mù ọdún kan kò ra bàtà kan tó dúró dáadáa. Owó ewu ńkọ́? Ó pẹ́ tó jẹ́ pé nǹkan bí 5,000 náírà ni lóṣù. Lẹ́yìn kòrónà, ní December 2021, ìjọba àpapọ̀ tún un ṣe: 32,000 sí 40,000 fún dókítà, 15,000 sí 34,000 fún àwa tó wà lórí CONHESS, ìlànà owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà. Abẹ́rẹ́ tó gún dókítà náà ló ń gún èmi, àrùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò bèèrè ipò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. July 14 ni ẹgbẹ́ wa, NANNM, fún ìjọba ní gbèdéke ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú ohun tí wọ́n bèèrè, ìwé kan wà níbẹ̀, ìwé lásán. Ìlànà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é: ipò tí nọ́ọ̀sì máa bọ́ sí bó bá wọṣẹ́, bó ṣe máa gòkè, ibi tó lè dé kó tó fẹ̀yìn tì. Láti 2016 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Nígbà tí a fi máa daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2025, kò tíì wọ gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde àṣẹ rẹ̀. Ìdájọ́ tún wà nílẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti dá láti January 2012, wọn ò mú un ṣẹ. Wọ́n tún bèèrè fún ìlànà owó oṣù tó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì nìkan, ẹ̀ka tiwa ní iléeṣẹ́ ètò ìlera, àti pé kí wọ́n gba èèyàn síṣẹ́.

Ẹ lè ní kí ni ìwé lásán fẹ́ ṣe. Ẹnì kan tí a jọ wà ní wọ́ọ̀dù kan náà fi owó ara rẹ̀ lọ kàwé gboyè, ó ń ti iṣẹ́ alẹ́ lọ sí kíláàsì. Ó mú ìwé ẹ̀rí dé ọ́fíìsì, wọ́n ní àṣẹ tí àwọn máa fi gbé e gòkè kò tíì dé. Ó lọ, ó bọ̀, àṣẹ ò dé. Ó ti japa. Ọmọ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jágbejágbe yẹn, kò dára, mi ò ní gbè wọ́n lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wá wò wá láago méjì òru. Àwa méjì, wọ́ọ̀dù kún, àwọn kan wà lórí mátíràsì nílẹ̀. Iná lọ, epo jẹ́nérétọ̀ ti tán. Mo fi eyín di fóònù mú kí tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sọ́wọ́ ọmọ tí mò ń wá iṣan rẹ̀, itọ́ ń dà sí mi lágbọ̀n. Ìyá ọmọ ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, mi ò lè lanu. Láàárọ̀, ó lọ sọ fún ọ̀gá mi pé mo gbéraga.

Bàbá, ẹ ní iṣẹ́ ìsìn ni. Iléèwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ, wọn kì í gba ìsìn, owó ni wọ́n ń gbà.

Àdùkẹ́ Leeds:

Ẹ kú àtijọ́, gbogbo yín. Ọ̀dọ̀ wa níbí náà, a daṣẹ́ sílẹ̀. December 15 àti 20, 2022 ni RCN, ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì níbí, kọ́kọ́ ṣe é, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 106 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Mo dúró lẹ́nu géètì nínú òtútù pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, àwọn awakọ̀ ń fun fèrè fún wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ kíndìnrín, ibi tí wọ́n ti ń fún alárùn jẹjẹrẹ lóògùn, yàrá ìtọ́jú àwọn tí ẹ̀mí wọn wà létí, wọn ò kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àti ilé ìwòsàn ló jọ ṣètò ẹni tó máa dúró. Ká tó daṣẹ́ sílẹ̀ náà, ìwé ìdìbò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sílé wa, tí ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ kò bá sì dìbò, asán ni. Bó ṣe rí fún wa ní June 2023 nìyẹn, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dìbò, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìdá 5 ni wọ́n fi kún owó oṣù wa lọ́dún yẹn, pẹ̀lú £1,655 ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. RCN ní àwọn ò gbà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yòókù gbà, wọ́n san án.

Tí NANNM bá lè fi èèyàn díẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ màmá yìí ì bá má rùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Àdùkẹ́, o ṣé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìyanṣẹ́lódì yín pọ̀ ju àwa tó wà níbí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń lọ déédéé. Ta ni ká wá fi sílẹ̀ nínú àwa méjì? Tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sí ìpàdé náà, màá ní kí agbẹ̀bí wà ní yàrá ìbímọ, kí ẹnì kan sì wà fún àwọn ọmọ tí wọn ò tíì pé oṣù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka wa, wọ́n ní tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjọba ò ní mọ̀ pé a ò sí níbẹ̀.

Ìjọba náà ò ràn wá lọ́wọ́. Ní Fraidé, Pate tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà jáde láti ìpàdé, ó ní a ti dá ìyanṣẹ́lódì dúró. Àwa tí a wà nílé ń gbọ́ lórí rédíò pé a ti wà lẹ́nu iṣẹ́! Haruna Mamman tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ wa ní kò rí bẹ́ẹ̀. Sátidé, August 2, ni wọ́n tó dá a dúró ní tòótọ́, lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó ní ọjọ́ nínú.

Àwọn tó ń bèèrè ìdí tí a fi dín kù: Faruk Abubakar, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà àjọ tó ń fún wa níwèé àṣẹ nígbà náà, ló sọ ní 2024 pé nọ́ọ̀sì tó lé ní 42,000 ti jáde láàárín ọdún mẹ́ta, 15,000 nínú wọn ní 2023 nìkan. Ohun tí wọ́n fi dí ọ̀nà ni òfin tuntun ti February ọdún yẹn: bí o bá gboyè, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́rìí sí ìwé rẹ fún òkè òkun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọn ò tún inú ilé ṣe.

Agbẹ̀bí Aládàáni:

Ẹ̀yin ti ìjọba tiẹ̀ ní ẹgbẹ́. Ilé ìwòsàn aládàáni tí mo wà, owó tí mò ń gbà kò tó 70,000 tí wọ́n ní kí owó oṣù tó kéré jù jẹ́, mo sì ní ìwé àṣẹ mi lọ́wọ́. Àwọn ọ̀sìlárì tí wọn ò lọ iléèwé nọ́ọ̀sì ń wọ funfun bíi tiwa. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ẹni mẹ́wàá ń dúró de àyè mi.

Ọmọ Ìyá Alágbo:

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, ẹ ṣé. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé ọdún 2016 yẹn ya mí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí Agbẹ̀bí Aládàáni sọ yìí já mi láyà. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ń wá fọ ẹsẹ̀ màmá kì í ṣe ọ̀sìlárì? Ó ṣì ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín, ti àjọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí Nàìjíríà, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí. Nọ́ọ̀sì gidi kò ní bínú sí i. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ náà: ṣé ó fọ ọwọ́ kó tó wọ ìbọ̀wọ́, ṣé ó pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn tó tú báńdéèjì àtijọ́? Tó bá ń da sípíríìtì tàbí oògùn apakòkòrò tó ń ta sí egbò tó ti ń pupa dáadáa, ẹ dá a dúró, omi iyọ̀ ti ilé ìwòsàn ló yẹ. Kí màmá má ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná rárá, wọn ò ní mọ̀ pé ó ń jó wọn. Ẹ máa wo àárín ọmọ ìka lálaalẹ́. Tí òórùn bá tún yọ tàbí ìka bá dúdú, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé dókítà, ẹ gbé wọn wá lọ́jọ́ náà.