Ẹ gbà mí o, mo fẹ́ lọ síbi àjọ̀dún orin Íńdíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Pune ní Íńdíà ni mo ti ń kàwé. Bàbá onílé mi ti bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì Sawai Gandharva Bhimsen Mahotsav, àjọ̀dún tí Bhimsen Joshi, gbajúgbajà akọrin Íńdíà, dá sílẹ̀ ní 1953 láti fi rántí olùkọ́ rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń ṣe é, lábẹ́ àgọ́ ńlá ní ìta gbangba.

Ilẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì tèmi, kì í ṣe àga. Ṣé kí n gbé tìmùtìmù dání? Orúnkún mi ò dáa, olórin kan ṣoṣo sì lè lò ju wákàtí kan lọ. Òtútù alẹ́ ńkọ́?

Èyí tó ń já mi láyà jù nìyí. Níbi eré kékeré kan tí bàbá yìí mú mi lọ, akọrin ń fa ohùn díẹ̀díẹ̀, tanpura, ohun èlò olókùn wọn, ń kùn lẹ́yìn rẹ̀ bí oyin, kò sí ìlù. Mo rò pé wọ́n ṣì ń tún ohùn ṣe, ni mo bá ń tàkúrọ̀sọ. Àṣé orin ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́, alap ni wọ́n ń pè é! Ojú tí ìyá kan fi wò mí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ìgbà tí tabla, ìlù wọn, wọlé ni ara mi tó yá. Àwọn èèyàn ń sọ "wah, wah" láàárín orin láti fi yin olórin. Ìgbà wo gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́? Ṣé èèyàn lè dìde lọ jẹun kí olórin tó parí? Nílé ni, mi ò bá ti náwó fún un, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni tó náwó níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.